Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Gun Bààlúù Tí Ń Mu Fáàrí Lọ Wo Oko Tí Ọ̀dá Pa

Ẹni tó bá gbé ohunkóhun ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí àga rẹ̀ bá ń mì, kó wá òkúta tì í. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹni tó bá lọ tọ̀. Èmi Ògúnjìnmí ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹfọ̀n méjì ṣubú, tí ẹ̀kẹta gbọ́ ìró rẹ̀ tó sì fi ìtìjú kú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bàbá àwọn kan nínú yín jẹ nínú ẹran ẹ̀kẹta yẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́rìndé ni, ọmọ ìlú wa Àpọ́nlé níhìn-ín, ọdẹ tó tún jẹ́ àgbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ni, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọdẹ́rìndé máa sọ ìtàn tí kò ní fi yin ara rẹ̀.

Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ọ̀dá dá. Òjò ìgbìn kò rọ̀, èyí tó yẹ kó rọ̀ nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ náà kò yọjú. Odò wa gbẹ títí akàn fi di ẹrù rẹ̀, ó ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Ní Àpọ́nlé, ebi lè pa ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, kó ṣì jókòó síta kó máa fi igi tayín. Bí o bá bi ẹnikẹ́ni pé, "Oko ńkọ́?" yóò ní, "A dúpẹ́, ewé ń ti ewé." Ẹni tó sì ń pariwo jù ni Ọdẹ́rìndé. "Oko tèmi?" ni yóò wí. "Bí o bá ń bọ̀ níbẹ̀, fi ọwọ́ di fìlà rẹ mú, kí ewé iṣu má baà gbà á mọ́ ọ lórí." Bẹ́ẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ebè tó kọ, eruku ló kù níbẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, Àwẹ̀ró kì í sì í sọ̀rọ̀ ilé síta.

Nígbà tó yá, Kábíyèsí Alápọ́nlé pe ìlú jọ. Ó ní òun gbọ́ pé òjò tí kò rọ̀ yìí kò sọnù, pé wọ́n kó o pamọ́ sí Ìlú Ẹ̀rí-Dandan, lẹ́yìn igbó àwọn iwin, ẹni tó bá sì lè dé ibẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ yóò rí i gbà bọ̀. "Kì í ṣe pé nǹkan kan ṣe oko wa o," ni Kábíyèsí wí. "Ká ṣáà ní in nílé ni."

Àwọn ìjòyè dáhùn pé, "Kábíyèsí, ká ṣáà ní in nílé ni."

Ta ni yóò wá lọ? Kálukú ń wo ilẹ̀. Ọdẹ́rìndé dìde, ó gbá àyà, ó ní òun ni. Èmi gan-an ni ǹ bá lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn.

Ó wọ igbó náà. Àwọn igi ibẹ̀ ń húkọ́ gbígbẹ, àwọn mìíràn na ẹ̀ka sílẹ̀ wọ́n ń tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀ bí alágbe. Kò pẹ́ tó fi kan iwin kan tó dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà, tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo tóbi bí ẹní, tó fi ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fi ìdajì yòókù bora. Elétí-Ńlá ni wọ́n ń pè é.

"Ẹni tó bá máa kọjá níhìn-ín yóò já àlọ́ mi," ni Elétí-Ńlá wí. "Bí kò bá já a, mo máa jẹ ẹ́. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Ó kọjá lójúde ọba, kò kí ọba. Kí ni o?"

Ọdẹ́rìndé bú sẹ́rìn-ín. Àlọ́ tí ọmọ ọwọ́ mọ̀! "Àgbàrá òjò ni," ó ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ láti kọjá.

Iwin náà fi etí ká a mọ́lẹ̀. "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Àgbàrá. Omi tó ń ṣàn lọ lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀."

"Irọ́ ni. Ta ló rí omi tó ń rìn rí?" Elétí-Ńlá ní ọ̀dá yìí ti pẹ́ débi pé òun ti gbàgbé ìdáhùn àlọ́ òun. Gbogbo ẹni tó ń kọjá láti ìgbà náà ni òun ń jẹ, torí òun kò mọ èyí tó gbà nínú wọn mọ́.

Bí ẹ bá mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà fi àgbàrá han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún mi. Ọdẹ́rìndé sọ àpò àti ìbọn sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ó ń hó ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Ó gbé bàtà ara rẹ̀ lọ, ó gbé àpò tó sọ sílẹ̀ lọ, ó dé ibi tó ní ojúde ọba nìyí, ó yí kọjá, kò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkùnrin tó ń bú ramúramù níta, tó ní ẹkùn ń yà fún òun lọ́nà, ló ń yí nínú ewé gbígbẹ bẹ́ẹ̀.

Ni iwin bá pariwo pé, "Ó kọjá lójúde ọba!"

"Kò sì kí i!" ni Ọdẹ́rìndé dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Iwin náà sunkún, ó ń fi ahọ́n lá omijé rẹ̀ kí ọ̀kan má baà ṣòfò. "Máa lọ, ọmọ èèyàn," ó ní. "Bí o bá bá àgbàrá náà pàdé níwájú, bá mi kí i."

Bí ó ṣe dé Ìlú Ẹ̀rí-Dandan nìyẹn, ìlú tí wọn kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi bí wọ́n bá fojú rí i. Ọdẹ́rìndé kí ọkùnrin kan pé, "Ẹ káàárọ̀." Ọkùnrin náà jáde lọ wo oòrùn ná, ó tún pe aládùúgbò kan pé kó wá bá òun wò ó, kó tó padà wá dáhùn. Ní ilé kejì, wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú bàbá arúgbó kan láti àárọ̀, ó jókòó tì í, ó ń dúró de ẹlẹ́rìí méjì tí yóò wá búra pé ebi ń pa á. Ọ̀rẹ́ mi ní òun búra fún un, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kejì kò yọjú títí òun fi kúrò níbẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ òjò. Ọ̀gá Àfi-Kó-Ṣojú-Mi ni orúkọ rẹ̀, ojú mẹ́rin ló ní, ó sì wọ awò sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n to àwọn àmù sí, wọ́n kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sí i lára. Èyí tó jẹ́ ti Àpọ́nlé ń kùn, ó ń mi ìdérí rẹ̀ jìgìjìgì.

"Òjò yín nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. "Kò jẹ́ ká sinmi láti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹ nílò rẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́, sà."

"Ìròyìn kò tó àfojúbà. A máa lọ wo oko yín láti òkè, kí olóko má baà fà wá gba ibi tó wù ú. Bí ojú mi bá rí ọ̀dá, mo máa ṣí àmù náà lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí i, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé kò sí ọ̀dá, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ títí ọdún méje."

Ọdún méje! Ọ̀gá ní òfin àwọn ni pé kí àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé olóko ṣáájú, kó tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwòdì kan, ó béèrè bóyá àlejò náà ní ohun tó fẹ́ fi kún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni ọ̀rẹ́ mi ti bà á jẹ́. Ó yẹ kó ní rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ Àpọ́nlé ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ pé kí Àwẹ̀ró tún oko wa ṣe díẹ̀, kí ojú má baà tì mí lọ́dọ̀ àlejò."

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó sínú bààlúù. Kékeré ni, kò ju ọkọ̀ apẹja lọ, páànù ni apá rẹ̀ méjèèjì, okùn ni wọ́n fi so ìrù rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló ń wà á, ó ń fi ọwọ́ kan wà á, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọ̀gá gbé àmù òjò Àpọ́nlé sẹ́yìn, ó ní kí àwọn má baà rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá jẹ́ òtítọ́.

"Màmá, epo inú rẹ̀ ṣé ó pọ̀ tó?" ni Ọdẹ́rìndé bi í.

"Bààlúù yìí kì í mu epo, ọmọ mi. Fáàrí ló ń mu. Ẹ̀yin èrò inú rẹ̀ lẹ máa fọ́nnu kó tó lè dìde."

Ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run mọ ẹni tó ń yàn? Ọdẹ́rìndé tún fìlà dé. "Èmi Ọdẹ́rìndé! Èmi tí ìjàpá rí tó sá eré!" Bààlúù húkọ́, ó gbéra. "Èmi tí mo bá erin jà tí erin ń bẹ̀ mí ní èdè wa!" Wọ́n ti kọjá orí ìrókò. "Iṣu mi, ọkùnrin mẹ́rin ní í gbé ọ̀kan, ẹ̀karùn-ún á máa ti ẹ̀yìn!" Wọ́n wọ inú ìkúùkù. Ìyá arúgbó pariwo pé, "Rọra, rọra! Ẹ̀wà mi ń dànù!"

Nílé ńkọ́? Èmi wà láàfin lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà. A gbọ́ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo oko wa láti òkè. A tún gbọ́ pé Ọdẹ́rìndé ní kí ìyàwó òun tún tiwọn ṣe. Bí Ọdẹ́rìndé bá tún tirẹ̀ ṣe, ta ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu? Ní ìlú wa, bí àlejò bá dé tí kò sí ẹran, eegun la ń jù sínú ọbẹ̀ kó lè máa dún. Báyìí ni gbogbo ìlú gba àbàtà tó jìnnà lọ já ewé. Ìjòyè Ọ̀tún so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ pòròpórò àgbàdo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kábíyèsí tú àrán aláwọ̀ ewé ara agboòrùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí oko ààfin. Ìjòyè Ẹ̀kẹrin kò rí ewé tó pọ̀ tó, ó wé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó lọ dúró sáàárín oko. N kò ní purọ́ fún yín, ìró ìyàwó mi mẹ́ta tí àwọ̀ wọn jọ ewé ni mo tẹ́ sórí ẹ̀gẹ́ mi. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín ló rán mọ́ okùn, ó ta á yí ọ̀pá iṣu ọ̀ọ́dúnrún ká. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é láìjẹun.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sókè. Ìkúùkù ṣí, Ọdẹ́rìndé yọjú wolẹ̀, ó rí ìlú rẹ̀. Ó tutù minimini! Ayọ̀ kọ́kọ́ mú un, ó ní àbí òjò ti ṣáájú àwọn dé ni? Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó gbé ọwọ́ sókè tó fi họ ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó mọ ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe, ó sì mọ ẹni tó kọ́ wọn.

"Ó ṣojú mi kòró," ni Ọ̀gá Àfi-Kó-Ṣojú-Mi wí. "Ewé ni mo rí. Kò sí ọ̀dá níhìn-ín." Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà! Irọ́ ni! Ẹ wo oko Ọ̀tún yẹn, imọ̀ ọ̀pẹ ló so mọ́ ọn! Àwọn aláṣehàn ni wọ́n, n kò rí irú wọn rí!"

Bààlúù fò sókè gàù. Oko náà kéré, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń bu ẹlòmíràn kù, ara rẹ̀ ló ń gbé ga. Kò sí fáàrí tó lágbára tó ìyẹn. Bí o bá fẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ kí Ọ̀gá lè rí i, òtítọ́ nípa ara tìrẹ ni kí o sọ. Bààlúù mi kì í lè gbé ìyẹn."

Ọ̀gá ti kọ "Kò" sílẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò kọ "sí" sí.

Ọdẹ́rìndé di etí bààlúù mú. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wò mí yìí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ti kojú ẹkùn rí. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ju ti ẹkùn lọ, torí ẹkùn kò lè sọ fún ará ilé òun. Ṣùgbọ́n ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ẹnì kan tó kéré bí èèrà tó dúró láàárín oko rẹ̀, tó gbé orí sókè. Àwẹ̀ró ni. Ó rántí ọdún méje.

"Oko mi," ó ní, "oko mi kò fi bẹ́ẹ̀ dára."

Bààlúù sọ̀ díẹ̀.

"Kò dára rárá! Ọ̀ọ́dúnrún ebè, iṣu kan kò sí níbẹ̀! Àgbàdo mi kú kó tó ga dé orúnkún! Ewé mọ́ínmọ́ín nìyẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe!"

Wọ́n ti kan orí igi. Afẹ́fẹ́ apá páànù ń fẹ́ ewé lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n okùn Àwẹ̀ró le, kò tíì tú. Ọ̀gá tún awò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀, ó ní òun kò tíì rí i dáadáa.

Ni Ọdẹ́rìndé bá yọ orí síta, ó ké débi pé èmi tí mo wà nínú oko mi gbọ́ ọ: "Àwọn iṣu ńlá tí mo ń gbé lọ sí ààfin lọ́dọọdún nígbà ìjẹṣu, tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ kí mi fún, kì í ṣe tèmi! Ọjà Agbálẹ̀ ni mo ti ń rà wọ́n! Ọdún mọ́kànlá! N kò ní oko rí tó so iṣu tó ju ọwọ́ mi lọ!"

Bààlúù já wálẹ̀ bí èso àgbọn. Ó fi ìdí gbá orí ebè, ó ń fò lórí ebè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó gba oko Ọdẹ́rìndé kọjá, ó gba ti Ọ̀tún, ó gba ti Kábíyèsí. Ìjì rẹ̀ ká ewé, ó ká imọ̀ ọ̀pẹ, ó ká àrán. Ìró ìyàwó mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ há sórí igi ose. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń họ ẹ̀yìn di Ẹ̀kẹrin nínú ṣòkòtò péńpé. Nígbà tí bààlúù dúró, tí eruku rọlẹ̀, gbogbo oko Àpọ́nlé wà níbẹ̀ gbayawu, ilẹ̀ gbígbẹ tó lanu.

A dúró, a ń wo oko ara wa. Láti oṣù mẹ́jọ ni mo ti rò pé èmi nìkan ni, pé mo ṣẹ ẹnì kan ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò dára. Mo wo ojú Ọ̀tún, mo rí i pé ohun tí òun náà ti ń rò nìyẹn. Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ara mi tún fúyẹ́. Kábíyèsí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Tèmi náà kú," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ló kú. Àwọn olorì ti ń jẹ gbòǹgbò." Bí gbogbo wa ṣe la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tèmi kú, tèmi kú, títí tó fi fẹ́ di ìjà lórí ẹni tí tirẹ̀ kú jù.

Ọ̀gá Àfi-Kó-Ṣojú-Mi nu ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa ìlà sí "Kò." Ó kọ "Ó ṣojú mi." Ó wá ṣí àmù.

Òjò náà kò tilẹ̀ dúró kó kọ́kọ́ gòkè kó tó rọ̀. Ìbàdí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Àpọ́nlé kan tó fẹ́ fọ́nnu lọ́jọ́ náà kí bààlúù lè gbéra padà, èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ni mí lára.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ọdẹ́rìndé jókòó sórí ebè nínú òjò, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ lókè?"

"Gbogbo ìlú gbọ́ ọ."

"Ojú ń tì mí."

Àwẹ̀ró jókòó tì í. "Ọkọ mi, ta ló ń ru iṣu ọjà Agbálẹ̀ wọnnì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé fún ọdún mọ́kànlá? Ìwọ lo tú àṣírí, ọrùn mi lo sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀." Ó sunkún, òjò sì ń nù ún kúrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sunkún.

Nígbà ìjẹṣu tó tẹ̀lé e, a rí Ọdẹ́rìndé tó ń bọ̀ ní ojú pópó, ní ọ̀sán gangan. Iṣu márùn-ún ló rù, kò sí ọ̀kan tó ju apá ọmọdé lọ níbẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló fi rù wọ́n. Àwẹ̀ró ń rìn níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ń ju apá, kò sì yára.